Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi lọ já kílò 41 sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

ỌmọÌgbógbó · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́bọ̀, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì àti dọ́kítà wà láàárín wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 46, ìju, ìyẹn fibroid, ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Síkáànù rí mẹ́ta, èyí tó tóbi jù tó ọsàn ńlá. Tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni. Páàdì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ń lò, ó sì máa ń tẹ́ rọ́bà sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó sùn. PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, ti wálẹ̀ dé 24. Àtẹ̀gùn ilé wa ò ju méjìlá lọ, ó máa ń dúró mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dókè.

Ó sanra. N ò ní fi bò. Orobó la máa ń pè é láti kékeré, òun náà sì máa ń fi ṣẹ̀rín.

A lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Ìkòròdú, n ò ní dárúkọ wọn. Nọ́ọ̀sì ní kó gun òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n yẹn, 120 ni nọ́ńbà rẹ̀ parí sí. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yí títí, ó kọjá nọ́ńbà tó kẹ́yìn, ó lọ dúró síbi tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ó ń gbọ̀n níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ "120+" sínú fáìlì. Ó ní dọ́kítà máa fẹ́ mọ iye tó jẹ́ gan-an o, ṣé a mọ àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ǹmù lẹ́bàá títì, pé òṣùwọ̀n tiwọn á gbé e.

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. A lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó gun orí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì tí ọwọ́ wọn dúdú fún ọ́ìlì dúró tì í. Ọ̀kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, èkejì gbá a lórí. 131. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Nínú kẹ̀kẹ́ tí a gbé padà, kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Dọ́kítà fi gíga rẹ̀, mítà 1.63, ṣírò, ó ní BMI rẹ̀, ìyẹn bó ṣe wúwo tó sí gíga rẹ̀, jẹ́ 49. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, 172/108. Ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn án, kó lọ já wálẹ̀ sí kílò 90 kó tó padà wá. Mo ní báwo? Ó ní kó dín gàrí kù, kó máa rìn. Ó pa fáìlì dé. Bí a ṣe ń jáde ni nọ́ọ̀sì kejì sọ pé, "Mummy, ẹ rọra jẹ ẹ́ o, oúnjẹ ò ní tán láyé."

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé dọ́kítà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ dákun, ẹ má bú wa.

Bàbá Rẹ́fùrí · 9:31 alẹ́

Dọ́kítà sọ òótọ́ fún yín, ẹ ń bínú. Òun kọ́ ló fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Tó bá gé e tán tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin kan náà lẹ máa kó ọmọ ìta lọ fọ́ gíláàsì ọsibítù ọlọ́sibítù.

Ṣàkì àti Pọ̀nmọ́ · 9:34 alẹ́

Bàbá Rẹ́fùrí, ikùn tí a rí nínú fọ́tò ìsọmọlórúkọ tí ẹ gbé síbí lóṣù tó kọjá, ṣé afẹ́fẹ́ ni?

Bàbá Rẹ́fùrí · 9:35 alẹ́

Ikùn àgbà nìyẹn.

Alájé Ìlera · 9:40 alẹ́

Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Tíì wa ń yọ kílò 20 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí àbùlà, ẹ pè mí lórí

Alága Ojú-Òpó · 9:52 alẹ́

Mo ti yọ nọ́ńbà ẹni tó wà lókè yìí kúrò. Ẹ má ta ọjà lórí àìsàn èèyàn. Bàbá Rẹ́fùrí, ẹ rọra.

AkunniLóorun · 10:20 alẹ́

Iṣẹ́ kíkun èèyàn lóorun ní tíátà ni mo ń ṣe, ó ti lé ní ọdún 14. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà dọ́kítà yẹn kí n tó bá a wí.

Ẹni tó bá tó kílò 131, tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ikùn rẹ̀ á máa ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sókè. Atẹ́gùn tó kù sínú rẹ̀ fún ìṣúra á kéré. Tí mo bá kùn ún tán tí n kò sì tètè rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti rọ́bà bọ̀, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ bí àgbọn tó já lórí igi. Ẹni tó tín-ín-rín máa fún mi láyè díẹ̀ láti tún un gbìyànjú. Òun ò ní fún mi. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ kúrú, tó ń hanrun, tí mímí rẹ̀ sì máa ń dáwọ́ dúró lójú oorun, ẹni yẹn là ń bẹ̀rù jù. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pàápàá, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀ kó sì gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú abẹ lè kẹ̀.

Mo ti rí ibi tó ti burú. N ò ní sọ púpọ̀. Nígbà tí a jáde lọ bá ọkọ obìnrin náà, fúláàsì oúnjẹ tó gbé wá fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé ìbẹ̀rù dọ́kítà yẹn ò nídìí, kò tíì dúró síbi tí a máa ń dúró sí.

Àmọ́ ìbẹ̀rù yẹn ní ohun tí a fi ń ṣẹ́gun rẹ̀. A máa ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tíátà lé ara wọn sábẹ́ èjìká àti orí aláìsàn, títí ihò etí rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú òkè egungun àyà. Ọ̀fun á ṣí. Kò gba owó kankan. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí ẹ̀yìn, èyí tó wọ́pọ̀ kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ, ó lè má dé ibi tó yẹ kó dé lára ẹni tó sanra gan-an. Èyí tó gùn jù ú wà lọ́jà. Ilé ìwòsàn kéékèèké kì í rà á torí wọn kì í lò ó lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀dì tíátà àtijọ́ míì wà tó jẹ́ pé kílò 135 ló lè gbé. Ẹ wo 131, ẹ rí i bó ṣe há tó.

Ká ní dọ́kítà yẹn sọ pé, "Ìyá, bẹ́ẹ̀dì mi ò gbé yín, n ò sì ní abẹ́rẹ́ tó gùn tó, ẹ gba lẹ́tà yìí lọ sí ọsibítù ńlá, Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH," mo máa dọ̀bálẹ̀ kí i. Òótọ́ ni ìyẹn, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn. Irinṣẹ́ rẹ̀ ló kéré, ó wá ní obìnrin ló tóbi.

Nọ́ọ̀sìAláṣálẹ́ · 10:48 alẹ́

ỌmọÌgbógbó, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, aṣọ tí wọ́n dè mọ́ ẹ̀gbọ́n yín lápá, ṣé ó yí apá náà ká dáadáa, àbí ṣe ló ń ṣí?

ỌmọÌgbógbó · 10:51 alẹ́

Ó ń ṣí! Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣí pàrà. Nọ́ọ̀sì wá fi ọwọ́ di ẹnu rẹ̀ mú títí ẹ̀rọ fi kà á tán.

Nọ́ọ̀sìAláṣálẹ́ · 11:03 alẹ́

Mo mọ̀. Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, kí ìyá àgbà kan ní wọ́ọ̀dù tó gbá mi lọ́wọ́.

Aṣọ yẹn ní ìwọ̀n bí bàtà. Èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ kílíńìkì wa, apá tí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ ló wà fún. Tó bá kéré ju apá lọ, ẹ̀rọ máa ń purọ́, òkè ló sì máa ń purọ́ sí. Wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó jáde ní 2023: àwọn tó yẹ kó lo èyí tó tóbi jù lọ, tí wọ́n wá fi èyí tó wọ́pọ̀ wọn, nọ́ńbà òkè wọn fi bíi 20 ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 172 kí ẹ wò ó. Ó ṣì ga o, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá tẹ́ẹ̀pù télọ̀, ẹ wọn àárín apá rẹ̀ lókè ìgúnpá.

ỌmọÌgbógbó · 11:15 alẹ́

43.

Nọ́ọ̀sìAláṣálẹ́ · 11:16 alẹ́

Hùn. Ó yẹ kí wọ́n lo èyí tó tóbi. Tó bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má ṣe tìtorí ohun tí mo sọ yìí dá a dúró. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún un wọ̀n dáadáa ná.

Tíṣà Ẹbúté · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ohun tó bí mi nínú jù ni "kó máa rìn." Níbo? Lójú ọ̀nà Ìgbógbó tí kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ lé, tí kẹ̀kẹ́ ń sá fún ihò, tí tírélà ń sá fún kẹ̀kẹ́? Pẹ̀lú PCV 24? Obìnrin tí àtẹ̀gùn méjìlá ń pa.

Àdùkẹ́ Ìlú Ọba · 7:25 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ láti òkè òkun. Kí ẹ má rò pé ní Ìkòròdú nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 2005, àwọn tó ń ṣètò owó ìlera ní apá ìlà oòrùn Suffolk níbí sọ pé ẹni tí BMI rẹ̀ bá ju 30 lọ, àwọn ò ní pààrọ̀ orúnkún tàbí egungun ìbàdí fún un. Ní 2016, àwọn ti Vale of York tún gbé tiwọn dé: ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 30, tí àìsàn rẹ̀ kì í bá ṣe èyí tó lè gbẹ̀mí, ó máa dúró fún ọdún kan gbáko kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn tó ń mu sìgá náà ní ìjìyà tiwọn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ pariwo, NHS England, àjọ ìlera ìjọba níbí, náà dá sí i.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Àwọn ti York tí gbogbo ayé bú yẹn, wọ́n ní tó o bá ti lè já ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ sílẹ̀, wọ́n á tètè gbà ọ́ wọlé. Ìdá mẹ́wàá kílò 131 jẹ́ 13. Dọ́kítà yín níbẹ̀ béèrè 41. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta obìnrin náà! Èyí tí wọ́n fi ń bú òyìnbó ti wá sàn ju èyí tí a fún ọmọ tiwa lọ.

Bàbá Rẹ́fùrí · 8:02 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀, kí n béèrè ọ̀rọ̀ gidi, torí ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni ẹni burúkú níbí. Tíátà kan, dọ́kítà kan. Obìnrin yìí máa gba wákàtí mẹ́rin. Láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, èèyàn méjì tí kò sanra máa wọlé, wọ́n á jáde. Ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú? Àti pé èmi tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Ògólóńtò dé Ágíríìkì láràárọ̀, tí mo fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, kí ló dé tí owó Ìlera Èkó tí mo ń dá á fi máa tọ́jú ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀?

Ṣàkì àti Pọ̀nmọ́ · 8:04 àárọ̀

Ẹni tó fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ ló ń jẹ́ Rẹ́fùrí?

Tíṣà Ẹbúté · 8:37 àárọ̀

Bàbá, ìbéèrè yín dáa, mo máa dáhùn rẹ̀.

Tí a bá ní ká máa fi ẹ̀bi to aláìsàn sórí ìlà, ta ló máa kù? Ọlọ́kadà tí kò dé akoto, tó fi ẹsẹ̀ dá, kí wọ́n lé e padà ní Ìgbóbì? Ẹni tó jẹ́ pé obìnrin mẹ́rin ló ń bá lò tó wá kó àrùn ńkọ́? Ẹ rántí George Best, agbábọ́ọ̀lù Manchester United àtijọ́. Ọtí ló ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́, wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ ní 2002, ó tún padà sídìí ọtí, ó kú ní 2005. Bí èèyàn bá bínú sí ìyẹn, mo lóye rẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ìbá gba ẹlòmíì là. Àmọ́ yíyọ ìju kò gba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti wákàtí, bí àìsàn bá ṣe le tó ni kí wọ́n fi to ìlà, kì í ṣe bí ìbàdí bá ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń tán lára rẹ̀ máa ṣíwájú ẹni tí kókó kékeré wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí.

Mo tún fẹ́ fi kún un. Nílẹ̀ wa níbí, tí obìnrin bá bímọ tí kò sanra, wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ ò tọ́jú rẹ̀. Tí ọkùnrin bá yọ ikùn, wọ́n á ní owó ti ń wọlé. Ọjọ́ tó bá dé ọsibítù la wá rántí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ìyá Àwẹ̀ró · 9:10 àárọ̀

Mo jẹ́ kílò 68 kí wọ́n tó gbé mi sórí prednisolone nítorí àìsàn oríkèé. Ọdún méjì, mo di 97. Oúnjẹ mi ò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Dọ́kítà ló kọ oògùn náà fún mi, dọ́kítà míì ló wá bú mi pé mo sanra. Ẹ kí wọn fún mi.

Oníkẹ̀kẹ́ Sábó · 12:15 ọ̀sán

Mi ò mọ̀wé o, àmọ́ mò ń kà á bọ̀ láti àárọ̀. Èmi máa ń gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ àwọn tó bá tóbi. Àwọn kan máa ń bú mi, òmíì á kàn san án. Ààyè èèyàn méjì ló gbà, epo ò sì kéré. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gba owó yẹn, mo máa gbé e dé ibi tó ń lọ. N kì í sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀ lọ rù díẹ̀ kó tó padà wá sí Garage.

AkunniLóorun · 12:31 ọ̀sán

Mo fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ yìí kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn tíátà wa. Bó bá jẹ́ owó ni, kí ọsibítù sọ pé ó máa wọ́n jù, torí oògùn á pọ̀ jù, wákàtí á pọ̀ jù. Ìyẹn ṣe é gbọ́.

Lọ́yà Odógúnyán · 1:50 ọ̀sán

Ẹ̀yin tó ń béèrè òfin, Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè wa, ti 2014, abala 20, sọ pé dọ́kítà, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá ṣe é, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni "pàjáwìrì." Iṣẹ́ abẹ tí a fi ọjọ́ sí kì í ṣe pàjáwìrì, nítorí náà n kò lè sọ pé dọ́kítà yẹn rú abala yìí lọ́jọ́ tó pa fáìlì dé. Àmọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣubú lálẹ́ ọ̀la nítorí ẹ̀jẹ̀, tí ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ kílò, ẹjọ́ ti dé nìyẹn. Ohun tí ẹ lè béèrè báyìí ni àkọsílẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò ṣe é, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ibi tí àwọn dárí rẹ̀ sí. Ẹ máa rí i bí ohùn ṣe ń yí padà tí ìwé bá wọ ọ̀rọ̀.

DókítàObìnrin · 5:05 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń sá fún ìjíròrò yìí láti àná torí mi ò fẹ́ kí n dájọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ló wà nínú ọkàn rẹ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò lè gbé mì.

Obìnrin ọdún 46 tó ń dà ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, tó sì sanra tó báyìí, ìju tí síkáànù rí kò tó ìdáhùn. Ọ̀rá ara máa ń pèsè èròjà obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Tí ìyẹn bá ń rọ̀jò sórí ilé ọmọ lọ́dún pípẹ́, awọ inú rẹ̀ lè nípọn, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ìju ló wọ́pọ̀ jù, ẹ má jáyà. Ṣùgbọ́n ṣe ni a máa ń mú díẹ̀ nínú awọ yẹn lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n máa ń ṣe é láìkun èèyàn lóorun, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣé wọ́n ṣe é fún ẹ̀gbọ́n yín? Bí wọn ò bá ṣe é, tí wọ́n ní kó lọ rù kó tó padà wá, ohun tí wọ́n ní kó dúró dè ni wọn ò mọ̀. Torí pé ó sanra gan-an ló ṣe yẹ kí wọ́n tètè wò ó.

Kílò 41 ńkọ́? Èmi tí mo ń rí aláìsàn lójoojúmọ́, bóyá ni mo ti rí ẹni tó fi "dín gàrí kù" nìkan já ìyẹn sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ semaglutide tí àwọn olówó ń lò báyìí láti fi rù ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ mọ iye tó jẹ́. Kílò méje, mẹ́jọ ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà lóore. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fi ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sínú ìwé kí aláìsàn tó kúrò níwájú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mẹ́wàá. Láàárín ìgbà yẹn, oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kù, ayọ́ọ̀nù tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, tàbí abẹ́rẹ́ oṣooṣù tó máa dá nǹkan oṣù dúró díẹ̀ kí PCV lè gòkè. Kó rí ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ. Ẹni tó ní ọjọ́ lọ́wọ́ máa ń ní ìdí tó fi ń gbìyànjú. Ẹni tí a kàn ní kó máa lọ, ilé ló ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá títí wọ́n á fi gbé wọn wá.

ỌmọÌgbógbó · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Wọn ò mú nǹkan kan lọ fún àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ pàápàá. Dókítà, ẹ ṣé. Ọ̀la la ń lọ síbòmíì.

Bàbá Rẹ́fùrí · 5:44 ìrọ̀lẹ́

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ o. N ò mọ ọ̀rọ̀ ti jẹjẹrẹ yẹn.

ỌmọÌgbógbó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe lọ.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan la lọ. A tò láti aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán, ẹni tó bá ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ ti kọjá, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé apá ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 43, ó wò mí bí ẹni pé mo ya wèrè, ó wá lọ sí wọ́ọ̀dù míì lọ yá aṣọ ńlá kan wá. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó dì. 146/90. Wọ́n fún un ní oògùn díẹ̀ fún ìyẹn.

Wọ́n ti mú awọ inú ilé ọmọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé lánàá: kò sí jẹjẹrẹ. Mo sunkún lórí ọ̀nà. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ wà nínú ìwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí òní. Ẹni tó máa kùn ún lóorun ti wo ọ̀fun àti ọrùn rẹ̀, ó béèrè bó ṣe ń hanrun, ó ní òun máa wá abẹ́rẹ́ gígùn sílẹ̀. Wọ́n ní kó gbìyànjú já kílò méje, tó bá sì já márùn-ún, àwọn ò ní lé e. Ó sọ fún wa láìfi bò pé ewu wà níbẹ̀, ó ka gbogbo rẹ̀ sí wa létí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò ní tán láyé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó ní kí n gbé fóònù fún òun.

ỌmọÌgbógbó · 4:26 ìrọ̀lẹ́

Èmi ni orobó náà. Ẹ kú àdúrótì.

Àbúrò mi sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n irin yẹn bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dójú tì mí jù. Kì í ṣe ibẹ̀. Kò rí i nítorí ó ń bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ kí n tó gun irin náà, ọmọ tó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí yẹn ti fi àkísà nù ún, ó sì tẹ́ páálí sórí ẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa ta sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ di èjìká mi mú." Ní ọsibítù tí wọ́n ti rán wa wá, kò sẹ́ni tó ní kí n di nǹkan kan mú.

Mo ti já kílò méjì. Mo ṣì ń jẹ gàrí, ṣùgbọ́n ife kan ni.

Nọ́ọ̀sìAláṣálẹ́ · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí wa, ẹ kú oríire. Tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá kù díẹ̀, ẹ béèrè bóyá aṣọ ńlá yẹn ṣì wà. Ti wọ́ọ̀dù míì ni, ó lè ti rìn. Bí kò bá sí, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Ìdúmọ̀tà, mo lè bá yín rà á.

Bàbá Rẹ́fùrí · 7:58 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi tẹ́ẹ̀pù ìyàwó mi wọn apá mi. 38. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní mo ní láti ọdún tó kọjá yìí ńkọ́?

Ṣàkì àti Pọ̀nmọ́ · 7:59 alẹ́

Apá àgbà.

Nọ́ọ̀sìAláṣálẹ́ · 8:11 alẹ́

Mi ò rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ má tíì dá oògùn yín dúró o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà títí Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ mi dilẹ̀. Ọjọ́ wo lẹ máa ráyè kí n wá wọ̀n ọ́n fún yín?